Ta Ló Ní Ilẹ̀ Nìkan Lowó Wà?

"Ẹ má wo ti ilé yẹn rárá, ilẹ̀ ni kí ẹ wò." Bí éjẹ́ńtì bá mú oníbàárà dé iwájú ilé Àgùdà, irú èyí tí àwọn tó ti oko ẹrú Brazil padà wálé kọ́, ní Ìsàlẹ̀ Èkó, ohun tó kọ́kọ́ máa ń sọ nìyẹn. Kò tíì ṣílẹ̀kùn o. Oníbàárà ò tíì rí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó la ilé náà já láti iwájú dé ẹ̀yìnkùlé, kò tíì gbójú sókè wo òdòdó tí bíríkìlà fọwọ́ yọ sórí fèrèsé. Lọ́kàn éjẹ́ńtì, ilé náà ti wó, alájà márùn-ún ti dúró síbẹ̀, wọ́n ti pín in sí fúláàtì, òun náà sì ti gba kọmíṣọ̀n tirẹ̀. Ẹbí tó ni ilé náà gan-an á dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n á máa mi orí: òótọ́ ni, ilé ti gbó. Láti orí sọ̀fíyọ̀ dórí ọmọ onílé tó wà ní London, gbogbo wọn ti gbà á láìjiyàn pé ilẹ̀ lowó, ilé lẹ́rù.

Èmi ń jiyàn rẹ̀. Mo fẹ́ràn ohun àtijọ́, mi ò sẹ́, àmọ́ ìyẹn kọ́ ló ń bí mi nínú. Ìmọ̀ràn burúkú ni, owó ẹni tó ń gbọ́ ọ ló sì ń run, yálà ó fẹ́ ra ilé ni, ó fẹ́ tún un ṣe ni, tàbí ó fẹ́ tà á.

Ẹ jẹ́ ká mú Ilojo Bar tó wà ní Tinúbú Square tẹ́lẹ̀. Ìdílé Fernandez ló kọ́ ọ ní 1855, wọ́n sì fi ṣe ilé ọtí àti ilé oúnjẹ. Alfred Omolana Ọláìyá rà á ní 1933. Ní 1956, ìjọba kà á mọ́ ohun ìrántí orílẹ̀-èdè. Ní ọjọ́ Àìkú, 11 oṣù Kẹsàn-án 2016, wọ́n wó o lulẹ̀. Àwíjàre tó gbòde ni pé ilé náà ti fẹ́ wó pa ènìyàn. Ilé tó ti fi ohun tó lé ní 160 ọdún dúró sójú òjò àti oòrùn, tí ìjọba kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé fún 60 ọdún, kò sẹ́ni tó wá owó páànù fún un ní gbogbo àsìkò yẹn. Ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ wó o ni owó katapílà yọjú. Nígbà tí ariwo sọ, oníkálukú bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́ka sí ẹlòmíì.

Ọ̀rọ̀ "ilé ti fẹ́ wó" yìí ni mo fẹ́ ká dúró lé lórí, torí òun ni òpó tí gbogbo irọ́ yòókù fẹ̀yìn tì.

Amọ̀ ni wọ́n fi mọ ògiri púpọ̀ nínú àwọn ilé wọ̀nyí. Ó nípọn dáadáa, ó ju búlọ́ọ̀kù tí à ń lò lónìí lọ. Ohun tí àwọn bíríkìlà ìgbà náà fi rẹ́ ẹ ni àpòpọ̀ iyanrìn àti ìkarahun sísun tí wọ́n lọ̀ kúnná. Pílásítà yẹn rọ̀, ó sì ń jẹ́ kí ògiri mí. Gbogbo ògiri amọ̀ ló ń fa omi díẹ̀díẹ̀ láti inú ilẹ̀. Ọ̀rinrin yìí á gba ara pílásítà jáde, oòrùn á fà á gbẹ. Lọ́dọọdún bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ tí onílé ní kò ju kó máa kùn ún lẹ́fun lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, kó sì rí i pé òrùlé ò jò.

Nígbà tí sìmẹ́ńtì wá pọ̀, àwọn ọmọ onílé ní àwọn fẹ́ kí ilé baba àwọn lágbára. Wọ́n ha pílásítà àtijọ́ dànù, wọ́n fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ẹ, wọ́n kun ọ̀dà olóòróró lé e. Omi ilẹ̀ ò dẹ́kun gígun ògiri, àmọ́ kò rí ọ̀nà jáde mọ́. Ó ń ga sí i lábẹ́ sìmẹ́ńtì lọ́dọọdún títí amọ̀ fi padà di ẹrẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ mọ ilé tí èyí ń ṣe, ẹ bẹ̀rẹ̀, kí ẹ fi kókó ìka kan ìsàlẹ̀ ògiri, nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà kan sókè láti ilẹ̀. Bó bá dún bí igbá òfìfo, pílásítà ti yà kúrò lára ògiri. Mo dúró ti bíríkìlà àgbà kan ládùúgbò Campos nígbà tó ń ṣí irú rẹ̀. Ó ki ọmọ owú bọ abẹ́ sìmẹ́ńtì, odindi abala kan sì já bọ́ bíi pákó. Amọ̀ tó wà lẹ́yìn rẹ̀ dúdú, ó tutù, ó ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́ ẹni tó bá kàn án. Àwọn tó ń wòran ní, "Ẹ ò rí i bí? Ilé ti jẹrà." Bàbá náà ò dá wọn lóhùn. Ó ṣí gbogbo ìsàlẹ̀ ògiri ọ̀hún sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ó gbẹ́ gọ́tà sídìí rẹ̀ kí omi òjò lè máa ṣàn lọ, ó ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án títí ọyẹ́ fi máa fẹ́ kọjá. Nígbà tí a padà débẹ̀, ògiri náà ti le débi pé ojú àdá ń yọ̀ lára rẹ̀. Ìgbà yẹn ló tó po pílásítà tó rọ̀ tó fi rẹ́ ẹ.

Àgbàrá ò lóun ò nílé wó, onílé ni ò ní gbà fún un. Onílé tiwa ti gbà fún un, ó tún fi sìmẹ́ńtì sé e mọ́lé.

Àgbà ilé kì í ṣàdédé wó láìsí ìdí. Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí àwọn ajíhìnrere CMS kọ́ sí Àgbádárìgì, tí wọ́n parí ní 1845, ó ṣì dúró sẹ́bàá ọ̀sà títí di òní. Mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey tí João Baptista da Costa, ògbógi oníṣẹ́ Àgùdà, kọ́, tí wọ́n ṣí ní 1894, wọ́n ṣì ń kírun nínú rẹ̀. Ní 13 oṣù Kẹta 2019, ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan tí ilé ẹ̀kọ́ wà nínú rẹ̀ wó ní Ìta Fájì, ènìyàn 20 ló kú, ọmọdé sì pọ̀ nínú wọn. Ní 1 oṣù Kọkànlá 2021, ilé alájà 21 tí wọn ò tíì kọ́ tán wó ní Gerrard Road ní Ìkòyí, àwọn tó kú lé ní 40. Kò sí ilé Àgùdà nínú méjèèjì. Síbẹ̀, mi ò tíì gbọ́ éjẹ́ńtì tó dúró níwájú ilé kọnkéré tuntun tó ní kí oníbàárà má wo ilé, kó wo ilẹ̀ nìkan.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká ṣírò owó, torí ibẹ̀ ni wọ́n máa ń sá sí bí ẹnu bá kọ́ wọn. Mi ò ní purọ́: ilẹ̀ Ìsàlẹ̀ Èkó wọ́n, ẹni tó bá kọ́ ṣọ́ọ̀bù sí ìsàlẹ̀ àti fúláàtì sókè yóò rí owó ilé gbà. Àmọ́ ẹ bá mi ka ohun tí éjẹ́ńtì kì í kà. Owó ìwólé wà níbẹ̀, àti owó kíkó àlàpà dànù nínú àdúgbò tí ọkọ̀ ajàgbé ò lè yí padà. Ìwé àṣẹ ìkọ́lé wà níbẹ̀. Ilẹ̀ erékùṣù yìí rọ̀, ẹni tó bá fẹ́ gbé alájà púpọ̀ lé e ní láti ri òpó kọnkéré wọlẹ̀ jìn, ìyẹn sì lówó tirẹ̀. Àwọn ọdún tí ilé fi wà lórí kíkọ́, ẹyọ ayálégbé kan ò sanwó. Lẹ́yìn èyí ni difẹ́lópà máa mú ìpín tirẹ̀, tó sì máa ń jẹ́ ìpín kìnnìún. Ẹbí á gba fúláàtì mélòó kan nínú ilé tí kò yàtọ̀ sí ẹgbàágbèje irú rẹ̀ láti Lekki dé Ọ̀tà. Kí ló wá fẹ́ mú kí oníbàárà yan tiwọn?

Iye ilé Àgùdà tó kù ń dín kù lójoojúmọ́, kò sì sí ẹni tó lè kọ́ òmíràn, torí àwọn tó mọ iṣẹ́ náà lọ́nà ti Lázaro Borges da Silva àti Francisco Nobre, àwọn tó kọ́ kàtídírà Holy Cross àkọ́kọ́ ní Èkó, ti lọ. Ohun tó bá ń dín kù tí a ò lè ṣe òmíràn, gbogbo ìyálọ́jà Balógun ló mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí iye rẹ̀. Ọjà ilé nìkan ni wọ́n ti fẹ́ kí a gbà pé kò rí bẹ́ẹ̀.

Àwọn tó kọ́ àwọn ilé wọ̀nyí mọ ìṣirò jù wá lọ. João Esan da Rocha, ọmọ Yorùbá tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Bàhíà ní Brazil tó sì padà wálé, gbẹ́ kànga sínú ọgbà ilé rẹ̀ ní Kakawa, àwọn ará Èkó sì ń ra omi níbẹ̀. Ohun tí wọ́n fi ń pè é ní Water House títí dòní nìyẹn. Fernandez ń ta ọtí nínú tirẹ̀. Ilé ń mówó wọlé láti ọjọ́ tí wọ́n ti kọ́ ọ. Àwa tí a jogún rẹ̀ la ní kò wúlò.

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ níbi tí wọ́n ti gbìyànjú. Jaekel House tó wà nínú ọgbà rélùwéè ní Èbúté Mẹ́ta, ilé 1898, ti fẹ́rẹ̀ẹ́ run pátápátá kí Legacy, ẹgbẹ́ tó ń dáàbò bo ilé àtijọ́, àti ayàwòrán-ilé John Godwin tó tún un ṣe ní 2010. Lónìí, ìyàwó tuntun ń lọ ya fọ́tò níbẹ̀, àwọn oníṣẹ́ ọnà ń pàtẹ nínú rẹ̀. Ọgbà ẹ̀wọ̀n Broad Street ńkọ́? Wọ́n ti wó èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀, àmọ́ láti 2010 tó ti di Freedom Park, àwọn ènìyàn ń sanwó wọlé lọ gbọ́ orin níbi tí wọ́n ti ń ti bàbá wọn mọ́lé. Bí ẹ̀wọ̀n bá lè tà, tí pálọ̀ onígíláàsì aláwọ̀ mèremère ò wá lè tà, a jẹ́ pé ẹni tó ń tà á ló yẹ ká bá wí.

Àwọn kan á ní ti ìjọba ni ìwọ̀nyẹn, pé ẹbí ò lówó. Ó dáa. Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ tí wọn kì í sọ nípàdé ẹbí. Èyí tó pọ̀ jù nínú ilé wọ̀nyí, àìsówó kọ́ ló pa á. Òrùlé ń jò lórí yàrá kan nítorí pé ojúlé tó ni yàrá náà ò fẹ́ dá páànù rà fún gbogbo ilé, àwọn yòókù sì ní òjò ò kàn wọ́n. Ọdún mẹ́wàá kọjá, omi ti wọ igi àjà, ikán ti tẹ̀ lé omi, wọ́n wá pe ìpàdé pé ilé ti gbó. Bí wọ́n bá tà á tán, owó náà á pín sí ogójì ọ̀nà, olúkúlùkù á fi tirẹ̀ ra ọkọ̀ tàbí kó fi ṣe ìsìnkú. Owó ilé ọdọọdún, bó ti wù kó kéré tó, àwọn ọmọ tí wọn ò tíì bí náà á bá a níbẹ̀.

Ẹbí tó bá ní dandan òun máa tà, mi ò bá a jà. Títa kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Fernandez náà tà. Ọ̀nà tí à ń gbà tà á ló burú. Wọ́n á kọ́kọ́ tú ilé ta ní wóńwóńwó: ilẹ̀kùn ìrókò á lọ sọ́dọ̀ ẹnì kan, irin báńkọ́nì á lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíì, wọ́n á wá yà á lẹ́nu pé olówó tó dé kẹ́yìn sọ pé ilẹ̀ nìkan lòun rí. Òmíràn á fẹ́ "tún ilé ṣe" kó tó tà á. Ó yọ fèrèsé onípákó tí atẹ́gùn ń gbà wọlé, ó fi gíláàsì àlùmíníọ̀mù dí ojú ibẹ̀. Ooru mú, ó gbé ẹ̀rọ amúlétutù sí i. Iná lọ, ó ra jẹnẹrétọ̀. Ó fi POP bo àjà onípákó tí káfíńtà fi oṣù gbẹ́. (POP yìí, bí mo bá ní agbára òfin, ilé tuntun nìkan ni màá fi mọ sí.) Owó tó ná yìí, iye ilé ló fi ń dín kù. Ẹni tó mọyì ilé Àgùdà máa rí i pé òun ní láti sanwó lẹ́ẹ̀kejì láti yọ gbogbo rẹ̀ kúrò. Ẹni tí kò mọyì rẹ̀, ilẹ̀ náà ló ń rà.

Olùtà tó gbọ́n á tún òrùlé ṣe kó má jò, á gbá ilé, á sì dúró níbẹ̀. Ìwé ni kó wá náwó lé lórí. Ìwé rírà àtijọ́, ìdájọ́ kóòtù bí ó bá wà, fọ́tò bàbá àgbà níwájú ilé, orúkọ bíríkìlà tó kọ́ ọ bí ẹnikẹ́ni bá rántí: gbogbo èyí ló ń sọ ilé di ohun tí a lè dá iye lé. Kí ẹbí sì parí ìjà wọn kí wọ́n tó pe éjẹ́ńtì. Ọ̀pọ̀ ògiri ní Èkó ni wọ́n fi ọ̀dà pupa kọ ọ́ sí gàdàgbà pé ilé yìí kì í ṣe títà, kí ẹ ṣọ́ra fún gbájúẹ̀. Ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò ẹni tó ń gbìyànjú láti tà á ló sábà máa ń kọ ọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ rà, ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ, ẹ tún fojú wo àwọn tó jókòó sínú ilé náà. Bí ẹnì kan lásán nínú ẹbí bá ta ilé ẹbí láìsí olórí ẹbí níbẹ̀, òfo ni títà náà lójú òfin. Bí olórí ẹbí bá dá tà á láìgba ohùn àwọn aṣojú ojúlé kọ̀ọ̀kan, kóòtù lè fagi lé e bí wọ́n bá tètè pẹjọ́. Nítorí náà, gbogbo wọn ni kó fọwọ́ sí i, níwájú lọ́yà tí ẹ̀yin fúnra yín mú wá. Lẹ́yìn náà ni ẹ tó kan ọ̀rọ̀ àṣẹ gómìnà tí òfin ilẹ̀ 1978 béèrè. Ẹ béèrè bóyá ilé náà wà lábẹ́ òfin ohun ìrántí, torí bí ó bá wà níbẹ̀, ẹ ò lè yí i padà láìgba àṣẹ. Kí ẹ sì lọ wo ilé náà nígbà tí òjò bá ń rọ̀. Ẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n máa ń fẹ́ mú yín lọ, ẹ má gbà. Ẹ dúró nínú pálọ̀ òkè, kí ẹ tẹ́tí sí ibi tí omi ti ń kán.

Bí ó bá di tiyín, òrùlé ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣe, kí ẹ tó ra àga kan ṣoṣo. Gọ́tà ló tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn èyí ni kí ẹ yọ sìmẹ́ńtì kúrò nídìí ògiri, kí ẹ sì ní sùúrù fún un. Ilé ìdáná ìgbàlódé, ilé ìwẹ̀, ilé ìgbẹ́, ẹ kó gbogbo rẹ̀ sí ẹ̀yìnkùlé, níbi tí àwọn Àgùdà fúnra wọn máa ń kó o sí. Ẹ má fi àjà kẹta lé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì alámọ̀, ohun yòówù kí ẹnjiníà wí. Ẹ má dí ọ̀dẹ̀dẹ̀ láti fi ṣe yàrá kan sí i: ibẹ̀ ni atẹ́gùn ń gbà láti ojú títì lọ sí àgbàlá, bí ẹ bá dí i, gbogbo ilé á móoru.

Ó ku àwọn ọ̀rẹ́ mi tó ń gbèjà ilé àtijọ́, torí wọ́n ní ẹ̀bi tiwọn. Wọ́n fẹ́ kí gbogbo ilé Àgùdà di mùsíọ́ọ̀mù, kí ẹnikẹ́ni má gbé inú rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má tà á. Ìjọba gbọ́ tiwọn, ó lẹ àwo irin mọ́ ògiri, ó bá tirẹ̀ lọ. Onílé wá di ẹrú ilé tirẹ̀: kò gbọdọ̀ yí i padà, kò sì rí kọ́bọ̀ gbà. Wọ́n máa ń tọ́ka sí Pelourinho ní Salvador ní Bàhíà, tí UNESCO kà mọ́ ogún àgbáyé ní 1985. Lóòótọ́ ilé ibẹ̀ rẹwà. Àmọ́ nígbà tí ìjọba ń tún un ṣe láàárín 1990 sí 1999, wọ́n kó ọ̀pọ̀ tálákà aláwọ̀ dúdú tó ń gbé ibẹ̀ kúrò. Irú ìtúnṣe bẹ́ẹ̀, kí Popo Àgùdà, àdúgbò àwọn Àgùdà ní Èkó, má rí i o. Ilé tí mò ń gbèjà ni ilé tí wọ́n ń dáná nínú rẹ̀, tí ayálégbé ń gbé, tí ọmọdé ń sáré gun àtẹ̀gùn rẹ̀. Susanne Wenger, oníṣẹ́ ọnà, gbé nínú irú pẹ̀tẹ́ẹ̀sì bẹ́ẹ̀ lójú ọ̀nà Ìbòkun ní Òṣogbo títí tó fi kú ní 2009, kò sọ ọ́ di ohun tí a ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn.

Bí ìjọba Èkó bá fẹ́ ṣe ohun kan, kó yọ owó orí ilẹ̀ kúrò lórí ilé Àgùdà tí wọ́n bá tún ṣe bó ti yẹ, kó sì sanwó fún àwọn bíríkìlà àgbà bíi ti Campos yẹn kí wọ́n fi iṣẹ́ kọ́ àwọn ọ̀dọ́. Àwo irin ti tó.

Ìwọ tí ilé bàbá rẹ ṣì wà ní Bámgbóṣé, ní Ìgbósẹ̀rẹ̀, ní Ìjẹ̀bú-Òde tàbí ní Abẹ́òkúta: kí òjò tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún yìí, pe káfíńtà kó gun òrùlé, kó ka iye páànù tó ti jẹ. Gbé iye náà lọ sípàdé ẹbí. Bí éjẹ́ńtì bá dé, kó bá yín lórí rẹ̀.